Ewé Ìwé Tí Kò Dún

Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo ni Bàbá Kuramochi kì í gbójú fò: kí ewé ìwé ẹni máa dún nídìí máìkì. Èmi Nogiwa Sumie náà jẹ nínú ìyà ẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí a pàdé ní Tokyo, ní yàrá tí a ti ń gba ohùn eré sílẹ̀, mo ṣí ìwé eré mi, ó dún fàrà, wọ́n ní ká tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá bojú wò mí. "Sumie, ṣé ẹja lò ń dín níbẹ̀ ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi débi pé ó kù díẹ̀ kí n sọ ìwé náà lù ú. Àmọ́ nígbà oúnjẹ ọ̀sán, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń fi ìka mẹ́ta gbé ewé ìwé, tí wọ́n á mú un jìnnà sí máìkì, tí wọ́n á wá rọra tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ tó ti sùn. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n rèé.

Ẹ jẹ́ n sọ irú ẹni tó jẹ́. Kí wọ́n tó mọ ohùn rẹ̀, ara rẹ̀ lásán ni wọ́n ń lò. Lórí ìtàgé, òun ló ń gbé àtùpà tẹ̀lé ẹni tó ń ṣe olówó kiri. Nínú sinimá àwọn jagunjagun àtijọ́, òun ni wọ́n ń fi idà ṣá lulẹ̀. Ó ní òun ti kú tó igba ìgbà, kò sì sí ọ̀kan tí wọ́n jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀ kan tó yanjú kí òun tó kú, àfi "Yéè!" Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta kí wọ́n tó pè é wá ṣe ohùn Ẹṣin Arúgbó nínú eré àwòrán àwọn ọmọdé lórí tẹlifíṣọ̀n. Èmi ni Adìyẹ, aládùúgbò Ẹṣin, tó máa ń bá a jà ní gbogbo ìgbà. Ìjà yẹn bá mi lára mu, mi ò ní parọ́. Títí dòní, bí Bàbá bá lọ ra ẹja, tó la ẹnu báyìí, àwọn ọmọdé á ti sáré jáde: "Ẹṣin dé o!" Nínú gbogbo ohun tó ṣe láyé, èyí nìkan ló jẹ́ tirẹ̀.

Nínú oṣù kẹfà ọdún tó kọjá ni mo fura. Máìkì mẹ́rin la ní, àwa méjìlá la jọ ń lò ó. Tó bá kàn ọ́, o dìde, o sọ tìẹ, o yẹ̀ fún ẹlòmíì, láìsí ariwo. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, Hatakeda, olùdarí wa, á ti ẹ̀yìn gíláàsì yàrá rẹ̀ ka àtúnṣe ìwé eré sí wa létí, kálukú á sì fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀. Mo yọjú sí ìwé Bàbá. Pẹ́ńsù ń rìn lóòótọ́, àmọ́ ojú kan náà ló ń kọ gbogbo rẹ̀ sí, ọ̀rọ̀ gun ọ̀rọ̀ lórí.

Mo lọ dúró dè é ní ibùdókọ̀ ojú irin. "Bàbá, kí lẹ kọ lónìí?"

"Àtúnṣe ni."

"Irọ́! Ẹ kà á fún mi, kí n gbọ́."

Ó ní ojú òun ti lọ. Ẹ̀gbẹ́ nìkan ni òun ń rí, àárín ti ṣú. Láràárọ̀ ni Tazuko ìyàwó rẹ̀ ń ka ìwé eré sí i létí títí á fi há a sórí, tirẹ̀ àti tiwa, títí kan ibi tí ewé ti ń ṣí.

"Sumie, jọ̀ọ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á gbé Ẹṣin fún ẹlòmíì. Kí ló wá kù fún mi?"

"Ta ni n ó sọ fún? Ṣé olófòófó ni mí?" Ṣe ni mo jágbe mọ́ ọn, torí omi ti ń bọ́ lójú mi.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mò ń dúró sí. Tó bá kàn án, mo fa apá aṣọ rẹ̀. Àtúnṣe kéékèèké, mò ń sọ ọ́ sí i létí bí a bá ń mu tíì. A ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́rin.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹwàá, Hatakeda kó bébà wọlé. "Ẹ má bínú o. Òǹkọ̀wé ti yí ìparí padà. Ọ̀rọ̀ tí Ẹṣin bá ọmọ rẹ̀ sọ ti di tuntun pátápátá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a máa bẹ̀rẹ̀." Wọ́n fún kálukú ní bébà kọ̀ọ̀kan. Bàbá yíjú sọ́dọ̀ mi.

Kí ni kí n ṣe? Mo bá dá ìjà sílẹ̀. "Ẹ̀yin Bàbá yìí! Ẹ tún ti tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀! Ẹ jáde, ẹ wá gbọ́ tẹnu mi!"

"Adìyẹ àti Ẹṣin tún ti dé o," Ikuyo tó ń ṣe ohùn Ewúrẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Mo wọ́ Bàbá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo ka bébà náà sí i létí lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dijú. Nígbà kẹrin, òun ló kà á fún mi, kò ṣi ọ̀rọ̀ kan.

Nígbà tó kàn án nídìí máìkì, mo fa apá aṣọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Ẹṣin ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun ò lè fa kẹ̀kẹ́ ẹrù mọ́, àmọ́ òun ṣì mọ ọ̀nà. Ohùn rẹ̀ dúró digbí. Nígbà tó dé àárín ọ̀rọ̀, ó sinmi díẹ̀, ó sì fi ìka mẹ́ta ṣí ewé ìwé.

Bébà kan ṣoṣo ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀! Kò sí ewé kankan níbẹ̀ láti ṣí. Afẹ́fẹ́ ló gbé, ó mú un jìnnà sí máìkì, ó rọra tẹ́ ẹ sílẹ̀, bó ṣe kọ́ mi gẹ́lẹ́. Gbogbo wa la rí i. Ikuyo fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá nìkan ni kò mọ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ parí.

Hatakeda jáde láti ẹ̀yìn gíláàsì. Kì í jáde tá a bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.

"Bàbá, láti ìgbà wo?"

Bàbá tẹrí ba títí orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. "Láti ìgbà òtútù. Mo tàn yín jẹ. Ẹ foríjì mí. Màá máa lọ."

Mo bẹ́ síwájú. "Tó bá lọ, Adìyẹ náà lọ nìyẹn! Ẹ wá ẹlòmíì tí yóò máa ké bí adìyẹ fún yín!"

"Màmá Nogiwa, ẹ fara balẹ̀. Ta ló lé ẹnikẹ́ni?" Omijé ti lé sójú Hatakeda. "Bàbá, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí Ẹṣin bẹ̀rẹ̀. Ohùn yín ni mo gbọ́ dàgbà. Kò ní sí àtúnṣe àárọ̀ iṣẹ́ mọ́. Ọjọ́ Ajé ni màá máa fi ẹnu ara mi ka gbogbo ìwé eré sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, màá fi ránṣẹ́ sílé yín. Ó parí."

Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, àwọn mẹ́wàá yòókù há ara wọn mọ́ ìdí máìkì mẹ́ta, wọ́n ń fi ìgúnpá gún ara wọn, wọ́n fi ẹyọ kan tó sún mọ́ àga Bàbá sílẹ̀ fún òun àti èmi. Bàbá na ọwọ́, ó bá máìkì náà níbi tó ti retí rẹ̀. Mo sunkún díẹ̀, mo sì sọ fún Ikuyo pé kó má wojú mi.

Nígbà tí a ń lọ sílé, Bàbá ní, "Sumie, báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ lọ́jọ́ yẹn? Mi ò ṣi ọ̀rọ̀ kankan."

Ó wù mí kí n parọ́, àmọ́ mi ò lè ṣe é. "Ẹ ṣí ewé ìwé. Bébà kan ṣoṣo sì ni wọ́n fún wa."

Ó dúró lójú ọ̀nà. Mo rò pé ìtìjú máa pa á.

"Ṣé ó dún?"

"Kò dún rárá."

"Ó dáa," ó ní. Ó di apá mi mú, a sì ń lọ.