Ẹ̀rọ Tó Jí Tí Kò Dún

Ẹ̀rọ náà jí, ṣùgbọ́n kò dún. Iná kékeré tó wà lórí rẹ̀ tàn, ó ní àwọ̀ ewé, tábìlì irin tó wúwo ju màlúù méjì lọ sì rọra sún sí apá ọ̀tún, bí ẹni tó ń yọ́ kẹ́lẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń sùn. Obìnrin tí gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè ní Oníwáyà yọ ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnì, ó fara ti ògiri. Ẹ̀yìn ń dùn ún. Inú rẹ̀ kò dùn, bẹ́ẹ̀ ni kò bàjẹ́. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni.

"Ṣé ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn?" bàbá rẹ̀ béèrè.

"Ó ti ń ṣiṣẹ́, Bàbá."

Bàbá tẹ́tí sí i títí, ó mi orí. "Bí ìyàwó tó ń bínú ló ṣe ń ṣe."

Kí wọ́n tó bí Oníwáyà ni bàbá rẹ̀ ti ń gbẹ́ irin lórí ẹ̀rọ yìí. Epo ló ń ti gbogbo rẹ̀ nígbà náà. Pọ́ǹpù ńlá kan ń fa epo nínú táǹkì, ó ń fi agbára tì í gba inú àwọn ọ̀pá rọ́bà, epo yìí ló sì ń ti tábìlì síwá sẹ́yìn lábẹ́ ọ̀bẹ. Bí pọ́ǹpù bá ń ké, ẹ̀rọ wà láàyè. Bí ó bá dákẹ́, ẹ̀rọ ti kú, èèyàn lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bàbá lè wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tó ti ń mu omi, kó sọ pé epo ti ń gbóná jù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Etí Ọdẹ.

Iṣẹ́ Oníwáyà ni láti tú pọ́ǹpù, táǹkì àti rọ́bà dànù, kó sì fi àwọn ẹ́ńjìnnì kéékèèké oníná àti kọ̀ǹpútà rọ́pò wọn. Ó ti ṣe mẹ́ta bẹ́ẹ̀ nínú ilé iṣẹ́ náà. Àwọn mẹ́ta tó ń lò wọ́n tẹ́lẹ̀ ti wà nílé báyìí. Ọ̀kan nínú wọn, tó máa ń pè é ní "ọmọ mi," ti ń kọjú sí ògiri bí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà. Ó kọ́kọ́ dun Oníwáyà. Nígbà tó yá, kò ráyè ìyẹn mọ́.

Ti bàbá rẹ̀ ló kù. Oníwáyà ti bẹ Ọ̀gá tó ni ilé iṣẹ́ pé kó má lé bàbá lọ. Ọ̀gá ní kò burú: bí bàbá bá lè fi ẹ̀rọ tuntun yìí gbẹ́ irin lónìí láìsí ẹni tó bá a dá sí i, kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí kò bá lè ṣe é, àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà pọ̀ níta. Bẹ́ẹ̀ bàbá kì í ṣe ẹni tó ṣe é jókòó tì nílé. Nígbà tí wọ́n fún un ní ìsinmi lọ́dún tó kọjá, gbogbo ilẹ̀kùn ilé ló tú sílẹ̀, ó ní wọ́n ń dún ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyá sì fi aṣọ bo ẹnu ọ̀nà títí ó fi tún wọn dè.

Láàárọ̀ yẹn, Oníwáyà ti tún un kọ́. Ó ní iná ni kó máa wò, kó gbàgbé ariwo. Tí iná bá ṣì ní àwọ̀ ewé, ẹ̀rọ kò sùn. Ó lè dúró jẹ́ẹ́ láàárín iṣẹ́, kó sì ṣàdédé gbéra. Àfi tí iná bá pọ́n ni kó tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bàbá ka gbogbo rẹ̀ padà fún un láìfo ọ̀rọ̀ kan, ó wá bi í bóyá ó máa na òun tí òun ò bá gbà á tán. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá wá dúró tì wọ́n. Ó wo bí bàbá ṣe de irin mọ́ tábìlì, bí ó ṣe wá iṣẹ́ náà jáde lójú kọ̀ǹpútà, bí ó ṣe fi ìka kan ṣoṣo tẹ bọ́tìnì bí ẹni tó ń tọ́ ata wò. Ọ̀bẹ sọ̀ kalẹ̀, ó ń jẹ irin, èérún ń fò. Irin àkọ́kọ́ jáde, ó ń dán. Inú Ọ̀gá dùn. Fóònù rẹ̀ dún, ó sì jáde lọ gbé e.

Bàbá de irin kejì. Ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀, ó tilẹ̀ ń súfèé. Oníwáyà bẹ̀rẹ̀ sí ká àwọn wáyà tó ṣẹ́ kù jọ. Nígbà tí iṣẹ́ dé àárín, ọ̀bẹ gòkè, kò yí mọ́, tábìlì dúró. Gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́. Bàbá mú búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bí ó ti ń mú un láti ọjọ́ pípẹ́, ó ki ọwọ́ bọ ìdí ọ̀bẹ láti gbá èérún kúrò.

Iná ṣì ní àwọ̀ ewé.

Oníwáyà kò mọ bí òun ṣe débẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti wà lórí bọ́tìnì pupa tó ń dá ẹ̀rọ dúró. Tábìlì ti gbéra kó tó dúró gbì. Búrọ́ọ̀ṣì ti ṣẹ́ sí méjì láàárín irin àti ọ̀bẹ. Ọwọ́ bàbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, odindi.

Bàbá wo ọwọ́ náà bí ohun tí wọ́n yá a.

"Ọ̀gá ò rí i," ó wí.

"Èmi rí i, Bàbá."

"Ó ti yé mi báyìí. Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́."

"Ó ti yé yín láàárọ̀."

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Pọ́ǹpù tí Oníwáyà tú kúrò lára ẹ̀rọ, kò mọ bí wọ́n ṣe ń tú u kúrò lára èèyàn. Ó ronú pé bóyá kí òun ṣe ilẹ̀kùn sí ìdí ọ̀bẹ, kí ẹ̀rọ máa kú bí wọ́n bá ti ṣí i. Ó rántí ohun tí bàbá rẹ̀ máa ń fi ilẹ̀kùn ṣe.

Nígbà tí Ọ̀gá padà wọlé, irin kejì ti jáde, búrọ́ọ̀ṣì tó ṣẹ́ sì ti wà nínú àpò bàbá. Ọ̀gá fi ìka ra irin náà, ó ní Etí Ọdẹ ti di Ojú Ọdẹ. Ó kọjú sí Oníwáyà.

"Ṣé kí n fi ẹ̀rọ yìí sílẹ̀ fún wọn? Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ni mò ń dúró dè."

Oníwáyà wo bàbá rẹ̀. Bàbá ń wo ilẹ̀. Bí òun bá ní bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo rẹ̀ tán nìyẹn, òun á lọ sùn. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

"Rárá, sà," ó ní. "Wọn ò lè dá a lò."

Kò dárúkọ búrọ́ọ̀ṣì. Bàbá bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó fi í há abíyá.

Wọ́n wọkọ̀ lọ sílé. Nínú ọkọ̀, bàbá jókòó sí iwájú, Oníwáyà jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ọrùn rẹ̀ tí epo ti pa láró. Ó bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan pé kó má bínú. Bàbá kò wẹ̀yìn wò ó. Oníwáyà gbà pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Ìyá rẹ̀ ló kù tí yóò sọ fún, kò sì mọ ibi tí òun yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ń ká aṣọ tó gbẹ nígbà tí wọ́n wọlé. Ó wo ojú àwọn méjèèjì, ó ní báwo ló ṣe lọ. Oníwáyà la ẹnu.

"Mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀," bàbá wí. "Ọ̀gá bẹ̀ mí títí. Ọmọ rẹ náà bẹ̀ mí, ó kù díẹ̀ kó sunkún. Mo ní mi ò lè bá ẹ̀rọ tí kì í sọ̀rọ̀ gbé."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ẹ̀rọ yẹn jù mí lọ?"

"Orogún rẹ ti lọ. O ò kí mi kú oríire."

Ìyá rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé o sì bẹ̀ wọ́n dáadáa?"

Oníwáyà wo bàbá rẹ̀. Ó ti jókòó, ó ń tú okùn bàtà, kò gbójú sókè. Ọ̀rọ̀ tó sọ fún Ìyá ti jáde lẹ́nu rẹ̀ létòlétò, kò kọsẹ̀ níbì kankan; kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń ṣàdédé rò lẹ́nu ọ̀nà. Inú ọkọ̀ ni bàbá ti ń tò ó bọ̀, ní gbogbo ìgbà tí Oníwáyà jókòó sẹ́yìn rẹ̀ tó rò pé ìbínú ni.

"Mo bẹ̀ wọ́n, Màmá," ó ní. Ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bá bàbá rẹ̀ tú bàtà kejì.