Ohun Tó Wà Lábẹ́ Àga Kóòtù

2.

...nítorí pé ọ̀bẹ rẹ̀ mú, kò pẹ́ rárá. Òjò ń rọ̀, títì dá wáí. Ó ká bánà náà bí ẹni ká ẹní, ó gbé e sábẹ́ apá, ó kọrí sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò sáré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò yẹn nìkan tó ìdí láti sáré.

Ojú obìnrin olùdíje kan nínú ìbò wà nínú bánà tó ká náà. Ó ń rẹ́rìn-ín.

3.

Bánà náà ti já bọ́.

4. (ara ògiri ilé ẹjọ́)

ÌKÌLỌ̀!
ẸNIKẸ́NI TÓ BÁ YỌ, TÓ BÁ JÍ, TÓ BÁ FÀ YA, TÀBÍ TÓ BÁ BA BÁNÀ TÀBÍ PÁTÁKÓ ÌPOLONGO ÌBÒ JẸ́ KÍ ÌBÒ TÓ PARÍ, Ó TI ṢẸ̀ SÓFIN.
Ẹ̀WỌ̀N NI, TÀBÍ OWÓ ÌTANRÀN, TÀBÍ MÉJÈÈJÌ.
BÍ AFẸ́FẸ́ BÁ JÁ A BỌ́, TI OLÓHUN ṢÌ NI. Ẹ DÁ A PADÀ.

(Ẹnì kan ti fi bírò kọ ọ́ sísàlẹ̀: *Ẹni tó bá jí ìbò fúnra rẹ̀ ńkọ́?*)

5.

Àga kan, láti òkè dé ìsàlẹ̀:

awọ
fóòmù
okùn rọ́bà fífẹ̀
igi
aṣọ ìsàlẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í wò

6.

Iṣẹ́ àga bíbò ló ń ṣe, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Onífóòmù. Kì í ra aṣọ ìsàlẹ̀ àga. Ìnákúnàá ló kà á sí. Bí ìbò bá ti parí, á lọ bá àwọn tó wọlé àti àwọn tí kò wọlé, wọ́n á kó bánà wọn fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Á gé e, á yí ojú tó ní àwòrán sínú, ojú funfun á kọjú sílẹ̀, á fi ìbọn píìnì kàn án mọ́ igi. Kò sí aṣọ tó lágbára tó o.

"Onífóòmù, olùdíje wo ni mo jókòó lé lónìí?" Bẹ́ẹ̀ làwọn oníbàárà ṣe máa ń bi í.

"Èyí tí kò san gbèsè ìlérí rẹ̀ ni. Ẹ jókòó kó le."

Lẹ́yìn ìbò ni o. Lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n kóòtù gbé àga ìjókòó àwọn ará ìlú fún un tún ṣe, wọ́n sì ń kánjú, bánà sì tán nílẹ̀, ìbò ò sì tíì dé.

3. (àtúnṣe)

Bánà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Afẹ́fẹ́ ti já okùn mẹ́ta.

7. Àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹni tí wọ́n mú: bíríkìlà kan, ọkọ àbúrò Onífóòmù.

ỌLỌ́PÀÁ: O sọ ọ́ àbí o ò sọ ọ́, pé wàá fa bánà obìnrin yẹn ya?

BÍRÍKÌLÀ: Mo sọ ọ́, ọ̀gá. Mo tún máa ń sọ pé màá fò bí ẹyẹ. Ṣé ẹ ti rí mi lókè rí?

ỌLỌ́PÀÁ: Máa fi mí ṣeré.

BÍRÍKÌLÀ: Ẹ má bínú, sà. Wọ́n fi bánà dí fèrèsé mi, yàrá ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. Mo pariwo. Ariwo yẹn náà ni mo pa.

ỌLỌ́PÀÁ: Okùn tó kù lára òpó, ọ̀bẹ ló gé e.

BÍRÍKÌLÀ: Ṣọ́bìrì ni mò ń gbé kiri, sà.

8. Yàrá kan náà, lọ́jọ́ kejì.

ỌLỌ́PÀÁ: Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀. Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí, pé òun á fà á ya?

ONÍFÓÒMÙ: (Ó ń wo ẹsẹ̀ àga ọlọ́pàá.)

ỌLỌ́PÀÁ: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́.

ONÍFÓÒMÙ: Mo ti gbọ́ ọ.

ỌLỌ́PÀÁ: Ẹ ṣé gan-an. Irú yín ò wọ́pọ̀ mọ́.

9.

Òótọ́ ló sọ.

10.

Òótọ́ ni, ṣá.

11. Àtẹ̀jíṣẹ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀ sà. Wọn ò tíì fi ọkọ mi sílẹ̀ o.

Èmi náà tún ni. Wọ́n ní ọ̀la ni yóò dé kóòtù, kí n wá ẹni tó lórúkọ rere tó máa ṣe onídùúró fún un. Mo dárúkọ yín. Akọ̀wé ò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀, ó ní "Onífóòmù tó tún àga wa ṣe?" Orí mi wú.

Àwọn ọmọ ń béèrè bàbá wọn. Mo ní ó lọ síbi iṣẹ́. Èyí àgbà ní ṣé àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n ti ń mọlé báyìí ni. Ẹnu bàbá rẹ̀ ló gbé wá sáyé.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò fèsì. Ṣé ara yín yá?

12. Èsì

Àbúrò mi, fara balẹ̀, mo fẹ́ [ó pa á rẹ́]

Mo mọ ẹni tó [ó pa á rẹ́]

Afẹ́fẹ́ [ó pa á rẹ́]

Màá wá.

13. Ohun tí àwòrán náà ń rí

Òkùnkùn. Okùn rọ́bà. Fóòmù tó ń sọ̀ kalẹ̀ nígbàkígbà tí ẹnì kan bá jókòó.

Ojú kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ àga kan. Eyín wà lábẹ́ òmíràn. Ẹ DÌBÒ FÚN wà lábẹ́ àga kan, orúkọ ẹni tí wọn yóò dìbò fún wà lábẹ́ èyí tó tẹ̀ lé e.

Gbogbo wọn ṣì ń rẹ́rìn-ín.

3. (àtúnṣe kejì)

Okùn kẹrin ò já. Ó le koko. Onífóòmù ló gé e.

Aṣọ ìsàlẹ̀ wà lọ́jà. Owó rẹ̀ wà lápò rẹ̀. Kò kàn fẹ́ ná an ni.

14. Kóòtù

Àbúrò rẹ̀ ti gba àyè sílẹ̀ fún un níwájú. Ó ń fọwọ́ gbá àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Ẹ wá jókòó, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ yín bó ṣe dùn ún jókòó lé."

Onífóòmù wo àga náà. Kò jókòó.

AKỌ̀WÉ: Onídùúró dà?

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi rèé, sà.

ADÁJỌ́: Ẹ mọ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan ẹni tí ẹ fẹ́ dúró fún?

ONÍFÓÒMÙ: Mo mọ̀ ọ́n jù yín lọ, sà.

(Ẹ̀rín.)

BÍRÍKÌLÀ, láti inú àhámọ́: Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o! Èmi nìkan ni aláriwo nínú ẹbí yìí!

15.

"Dìde," ó sọ fún àbúrò rẹ̀.

"Èmi kẹ̀? Ẹ̀yin ni adájọ́ ń bá sọ̀rọ̀."

"Dìde lórí àga yẹn."

Ó dìde. Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀, ó rò pé nǹkan ti ta sí i. "Ó ti bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́."

Onífóòmù gbá ẹsẹ̀ àga méjì mú, ó sì dà á dé níwájú gbogbo èèyàn.

16.

Funfun.

17.

Funfun nìkan ni wọ́n rí, ó mọ́ tónítóní, píìnì tò yí i ká gbọọrọ. Akọ̀wé tilẹ̀ mi orí, ó ní iṣẹ́ yìí dára o.

"Bàbá," adájọ́ ní, "kí lẹ ń wá?"

Ó ṣì lè sọ pé ṣe lòun ń wò ó bóyá píìnì kan ti yọ. Wọ́n á gbà á gbọ́. Ohunkóhun tó bá sọ ni wọ́n máa gbà gbọ́, ohun tó ń tì í lójú jù nìyẹn.

Àbúrò rẹ̀ ń wò ó.

Onífóòmù ti èékánná bọ abẹ́ píìnì àkọ́kọ́.

4. (apá kan)

TÓ BÁ FÀ YA