Kọ̀ǹpútà Tuntun Ìyá Aránṣọ

Kọ̀ǹpútà tí Ìyá Aránṣọ ń lò tẹ́lẹ̀, bí èèyàn bá tan án ní kùtùkùtù, onítọ̀hún lè wẹ̀, kó jẹun, kó gbéyàwó, kó sì hewú kí ojú kọ̀ǹpútà náà tó là. Bó bá wá là tán, ariwo á máa jáde nínú rẹ̀ bí ìgbà tí bàálù mẹ́fà bá ń jà nínú agolo. Bí Ayọnilẹ́nu ṣe máa ń ròyìn rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ àbúrò ìyá náà ni, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ló ń tún ṣe, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dín nǹkan kù.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín fún Ìyá Aránṣọ. Ojú rẹ̀ ọ̀tún ti lọ, tòsì ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Oníṣègùn ojú ti ní kó yáa fi ìwọ̀nba tó kù wo ohun tó bá wù ú. Ohun tó sì wù ú kò ju ẹyọ kan lọ: ojú ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Ẹnjiníà, tó ti wà lókè òkun láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì ju irun orí àgbàdo lọ. Gbogbo ìgbà tí Ẹnjiníà bá tẹ̀ ẹ́ láago, orin kan náà ni:

"Màmá, mo pè yín lórí fídíò títí ìka mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Kọ̀ǹpútà yín ni ò gbé e. Bí ẹ bá lè pààrọ̀ ẹ̀, ojoojúmọ́ la ó máa ríra."

Ayọnilẹ́nu gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Òun tó ń purọ́ fún gbogbo àdúgbò, kò rò pé ẹlòmíì náà mọ̀ ọ́n pa.

Ó wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta kọ̀ǹpútà, kó lè ra tuntun fún ìyá náà. Ẹni tó ń tà gbé ọ̀kan tó ń ṣẹ́jú pupa ṣẹ́jú àwọ̀ ewé síwájú rẹ̀.

"Ọ̀gá, eléyìí lágbára! Ó lè ya àwòrán ilé, ó lè ṣe fíìmù!"

"Ṣé ó lè fọ abọ́?" ni Ayọnilẹ́nu wí. "Màmá mi ò lọ sínú òṣùpá. Ojú ọmọ ni wọ́n fẹ́ rí. Ẹ gbé èyí tí ojú rẹ̀ fẹ̀ bí fèrèsé wá, tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, tí kámẹ́rà wà níwájú orí rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ lè jí òkú."

"Háà, ti arúgbó lẹ ń wá."

"Arúgbó wà nílé yín! Aránṣọ ni wọ́n. Wọ́n ṣì ń fi ahọ́n wá ihò abẹ́rẹ́."

Ó gbé e délé, ó gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó tan án. Kí Ìyá tó mí, ó ti là. Ayọnilẹ́nu sá wọ ilé ìdáná, ó fi fóònù rẹ̀ pè é lórí fídíò, imú rẹ̀ sì yọ lójú kọ̀ǹpútà bí òkè.

"Èmi lọba gbogbo kọ̀ǹpútà! Ẹ kúnlẹ̀!"

"Kúrò ńbẹ̀, ọ̀bọ." Ṣùgbọ́n Ìyá ń fọwọ́ pa ojú náà lára gíláàsì. "Mo rí àpá tó wà níwájú orí ẹ. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i gbẹ̀yìn."

Ó lọ wọ aṣọ tó dára jù, ó fín lọ́fínńdà sọ́rùn, àfi bíi pé lọ́fínńdà ń gba inú wáyà kọjá. Ó jókòó gbagidi. Ayọnilẹ́nu tẹ orúkọ Ẹnjiníà. Àmì kékeré kan ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà, tó fi hàn pé ó wà níbẹ̀. Ó dún, ó dún. Ó gé.

"Ó ti gé?"

"Bóyá ìka rẹ̀ ló ṣèèṣì kàn án, Màmá."

Wọ́n tún pè. Lọ́tẹ̀ yìí, kíá ló gé e, bí ẹni pa ẹ̀fọn.

Kò pẹ́ tí fóònù Ìyá fi dún. Ohùn Ẹnjiníà ń jáde ketekete, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀.

"Màmá mi! Ẹ pè, mo gbé e, kọ̀ǹpútà yín tún gé e! Mo wá ń pè yín padà láti ẹ̀ẹ̀kan, kò wọlé. Nǹkan yẹn ti gbó jù, ẹ sọ ọ́ nù."

Ayọnilẹ́nu wo kọ̀ǹpútà. Ó là kedere. Ìpè kankan kò wọlé. Ó na ọwọ́ sí fóònù, èébú tó ti kó sí i lẹ́nu tó èyí tí í wó ilé alájà mẹ́wàá. Ìyá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Òótọ́ ni, ọmọ mi," ló wí sínú fóònù. "Kò dáa rárá. Ó ti gbó."

Bí ó ti gbé fóònù sílẹ̀ ni Ayọnilẹ́nu bú jáde. "Irọ́ ló ń pa! Kí ló dé tẹ́ ò jẹ́ n sọ fún un pé tuntun ni?"

"Kó o sọ fún un, kó wá ṣe kí ni? Irọ́ yẹn náà ló ń mú un rántí pè mí. Bó o bá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, kí ló kù tá a fẹ́ jọ máa sọ?" Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nù ún. "Gbé nǹkan yìí padà fún wọn."

"Màmá, ojú yín ńkọ́? Ẹ ṣáà fẹ́ rí i kí..."

"Mo ti rí i."

Nígbà tí Ayọnilẹ́nu gbé e padà dé ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń ta kọ̀ǹpútà tan án wò. Ó là lójú ẹsẹ̀.

"Ọ̀gá, kí ló ṣe é? Ṣé kámẹ́rà ni? Àbí kò pariwo tó?"

Ayọnilẹ́nu ya ẹnu. Ó wá irọ́ kan tí á sọ, kò rí.

"Kò sóhun tó ṣe é," ló wí. "Ẹ ṣáà gbà á."