Àwọn Ẹ̀rí Akọ́ládé

Ìwé ìwakọ̀ Akọ́ládé mọ́ tónítóní. Láti ìgbà tó ti ń wakọ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kò ka ẹ̀ṣẹ̀ kankan sí i lọ́rùn rí. Nítorí náà, nígbà tó gbọ́ pé Màmá Keziah Ògúndípẹ̀ ń wá ẹni tí yóò máa fi ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ tuntun kó iṣu láti Ọ̀sí lọ sí Ìlọrin, ó fá irùngbọ̀n, ó ki ìwé bọ àpò, ó sì lọ. Láti ìgbà tí ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ti ta ọkọ̀ tó ń wà, ọ̀kadà àna rẹ̀ ló fi ń jẹun, àna náà sì ti ń fi ojú béèrè ọ̀kadà rẹ̀.

Màmá Keziah ka ìwé náà tán, ó yí i sẹ́yìn, ó tún yí i síwájú.

“Ìwé rẹ dára. Ẹnu rẹ ló ń bà mí lẹ́rù.”

“Ẹnu mi kẹ̀, Màmá?”

“Ṣé ìwọ kọ́ lo jẹ́rìí lọ́jọ́ Ìkórè pé ò ń sáré ogóje kìlómítà ní wákàtí kan nígbà tí ò ń yí kọ́nà Òkè-Ọ̀pin?”

Akọ́ládé ti gbàgbé pé ìjọ kan náà ni àwọn jọ ń lọ. Gbogbo ìgbà tí Ọlọ́run bá yọ ọ́ nínú ewu ló máa ń jáde síwájú, kò sì sí ẹni tó mọ ẹ̀rí jẹ́ bíi tirẹ̀ ní gbogbo agbègbè náà. Bó bá ti dìde, àwọn ìyá ìjọ á ti máa tún gèlè wé, nítorí ijó.

“O tún ní o sùn lọ lẹ́bàá Ẹrùkù, tí áńgẹ́lì bá ọ yí ọkọ̀ padà. Lọ́jọ́ Àjíǹde, o ní bíréèkì kọ̀ lórí òkè Ìlọ́fà, o gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ò ń kọrin. Èmi gan-an jó lọ́jọ́ náà. N kò mọ̀ pé èmi ló máa kàn láti ra ọkọ̀ fún ọ.”

“Màmá, kì í ṣe ogóje. Abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré ti kú kí n tó débẹ̀, orí ogóje ló sì kú sí. Bí ọkọ̀ wà ní gáréèjì, ogóje ni.”

“O wá purọ́ nílé Ọlọ́run.”

“Mo kàn fi kún ògo Rẹ̀ ni.”

“Ògo Rẹ̀ kò dín tẹ́lẹ̀. Mú ọ̀kan: ṣé òpùrọ́ ni ọ́, àbí asáré-pa-èèyàn?”

Akọ́ládé wo ọkọ̀ tuntun náà tí wọ́n di iṣu kún, ó wo bàtà ara rẹ̀.

“Òpùrọ́ díẹ̀ ni mí, Màmá.”

“Áńgẹ́lì ńkọ́?”

“Mùhísínì ni, kọ̀ńdọ̀ mi. Òun ló gbá ìdarí ọkọ̀ mú. Ó sì gbá mi létí.”

Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. “Mùhísínì tó ń lọ jímọ́ọ̀! Halleluyah méje la ṣe fún un! Ṣùgbọ́n o sùn?”

“Mo sùn. Ìrìn òru léra-léra ni, n kò sì lè sọ fún ọ̀gá mi pé ó rẹ̀ mí. Ìyẹn kì í ṣe àfikún.”

“Bíréèkì?”

“Èmi ni mo bà á jẹ́. Mo ti jíà sí fíríì lórí òkè, kí epo má bàa jó púpọ̀. Bó bá ti wà ní fíríì, ẹ́ńjìnnì kò dì í mú mọ́, bíréèkì nìkan ló ń jìyà ẹrù. Ó gbóná títí ó fi ń rùn. Nígbà tí mo tún tẹ̀ ẹ́, àfi bí ẹni tẹ ìrọ̀rí. Oko àgbàdo ló gbà wá dúró. N kò sì gbé ọwọ́ sókè, mo di ìdarí mú bí ẹni di ọmọ mú.”

“Báwo ló ṣe yẹ kó rí?”

“Jíà tí ẹ máa fi gun òkè náà ni kí ẹ fi sọ̀ ọ́, kí ẹ sì ti mú un kí ẹ tó dé orí rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ á máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Á máa kùn. Ẹ jẹ́ ó kùn.”

Màmá ju kọ́kọ́rọ́ sí i, ó sì gun iwájú ọkọ̀ jókòó.

Ẹ́ńjìnnì kùn láti orí òkè Ìlọ́fà dé ìsàlẹ̀. Ọ̀kadà kọjá wọn. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere náà kọjá wọn, ó sì juwọ́. Nígbà tí wọ́n dúró, Màmá sọ̀kalẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan irin àárín táyà kó lè mọ̀ bí bíréèkì ti gbóná tó, gẹ́gẹ́ bí ọkọ rẹ̀ olóògbé ti máa ń ṣe nígbà tó ń wakọ̀ ẹrù.

“Ó kàn lọ́ wọ́ọ́wọ́ ni,” ó wí. “Wàá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Kò sí ìrìn òru. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o bá rí iṣẹ́ ìyanu kan ṣoṣo jẹ́rìí sí nínú ọkọ̀ mi, kó kọ́kọ́rọ́ mi wá.”

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé ìrìn àkọ́kọ́, Wòlíì Adédọlápọ̀ ní kí ẹlẹ́rìí jáde. Akọ́ládé dìde. Àwọn ìyá ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í tún gèlè wé.

“Mo kó iṣu lọ sí Ìlọrin,” ó wí. “Mo débẹ̀. Mo padà.”

Ìjọ ń dúró.

“Lẹ́yìn náà ńkọ́?” Wòlíì béèrè.

“Ó tán, Bàbá.”

“Táyà kò tilẹ̀ bẹ́?” ìyá kan béèrè láti ẹ̀yìn, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí gèlè.

“Kò bẹ́, Màmá.”

Ìyá náà gbé ọwọ́ kúrò lórí gèlè. Ìgbà náà ni Màmá Keziah dìde, òun nìkan, ó pariwo, “Halleluyah!” ó sì jó lọ síwájú.