Ọ̀kín Ilé Wychcombe

Ọjọ́ kan péré ni ìròyìn náà fi pẹ́. Hester Bramhall ti gbé kámẹ́rà rẹ̀ kalẹ̀ nínú koríko tútù ní ọgbà Ilé Wychcombe, ní ìgbèríko Shropshire, kí ìyá rẹ̀ tó pè é lórí fóònù láti ilé.

"Lẹ́tà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fún ẹ. Méjọ̀ Loveday ló kọ ọ́. Ó ní, 'Jọ̀wọ́ má tíì wá. Orí ọ̀kín ti já.'"

"Mo ti rí i, Màmá. Iwájú ẹ̀ gan-an ni mo dúró sí."

Ọ̀kín yìí kì í ṣe ẹyẹ. Igi arúgbó kan ni, tí àwọn baba ńlá Méjọ̀, ajagunfẹ̀yìntì tó ni ilé náà, ti ń gé ní àwòrán ọ̀kín láti ayébáyé. Ọmọdé ni Hester nígbà tó rí i nínú ìwé kan tó yá ní láíbìrì, láti ìgbà náà ló sì ti ń lá àlá rẹ̀. Àwọn tó ń tẹ ìwé nípa àwọn ọgbà àtijọ́ ti wá ṣèlérí fún un báyìí: bó bá ya ọ̀kín yẹn dáadáa, èèpo iwájú ìwé ni wọn yóò gbé e sí. Fọ́tò rẹ̀ kankan ò tíì dé iwájú ìwé rí. Ìrù ọ̀kín wà níbẹ̀, ó tẹ́ rẹrẹ. Ọrùn wà. Lókè ọrùn, ojú sánmà ló kù.

Méjọ̀ jáde wá, ó ń fọwọ́ họrí. "Èmi ni mo ṣe é. Mo ní kí n tún un gé díẹ̀ nítorí ìwọ. Orí àkàbà ni mo wà nígbà tí mo sín. Àtúnṣe di àtúnbàjẹ́."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò pè mí, sà?"

"A kì í túfọ̀ lórí fóònù."

"Má dá a lóhùn jàre!" ni Ìyáàfin Gudge, tó ń bá a tọ́jú ilé, ké láti ojú fèrèsé. "Sítáǹbù olówó pọ́ọ́kú, èyí tó ń rìn bí ìgbín, ló lẹ̀ mọ́ lẹ́tà yẹn! Ọkùnrin tó ní ogójì yàrá!"

"Ogójì yàrá, ogójì ibi tó ń jò," ni Méjọ̀ fèsì. Ó wá fa nǹkan aláwọ̀ ewé kan yọ lápò: fìlà olówùú tí wọ́n fi ń bo ìkòkò tíì kó má baà tutù. Ó ti rán bọ́tìnnì mọ́ ọn fún ojú.

"Fìlà mi rè é!" ni Ìyáàfin Gudge tún ké. "Abájọ tí tíì àárọ̀ yìí fi tutù bí omi adágún!"

Méjọ̀ gun àkàbà, ó fi fìlà náà dé ọrùn igi, ó sọ̀ kalẹ̀. Nínú kùrukùru àárọ̀, ọ̀kín pé pérépéré. Ìka Hester ti wà lórí kámẹ́rà nígbà tí ẹyẹ kékeré kan bà lé fìlà náà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú òwú rẹ̀ lọ fi kọ́lé. Fìlà yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bíi fìlà ọ̀mùtí.

Méjọ̀ tún sáré gun òkè. Ó tún fìlà ṣe, ó wá gbá ọrùn igi mọ́ra, ó fẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í. "Má bínú, ọ̀rẹ́ mi," ló ń sọ jẹ́jẹ́. "Yóò tún hù. Ojú mi lè má rí i, ṣùgbọ́n yóò tún hù."

Hester gbójú kúrò lára kámẹ́rà. Nínú ìwé àyálò yẹn, ọ̀kín nìkan ló rí. Kò rí ẹni tó ń gé e.

"Ṣó ti dáa?" ni Méjọ̀ béèrè láti òkè. "Yà á kíá, kí ẹyẹ burúkú yẹn tó padà!"

"Ẹ bọ́ fìlà yẹn, Méjọ̀," ni Hester wí. "Mi ò ní ya ọ̀kín onífìlà. Ẹ̀yin àti igi aláìlórí yẹn ni mo fẹ́ yà, bẹ́ ẹ ṣe wà yẹn gan-an. Bí wọn ò bá gbé e síwájú ìwé, kí wọ́n gbé tẹlòmíràn síbẹ̀."