Ọmọrí Tó Fúyẹ́

Nígbà náà, Wẹ́dà ṣì wà láyé. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó máa ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí omi há lọ́fun, ṣì wà láyé. Alágbàfọ̀ ilé kejì wà láyé, ajá rẹ̀ funfun náà wà láyé, igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé pàápàá wà láyé, bí a bá lè sọ pé igi ń wà láyé. Bí èèyàn bá jókòó sábẹ́ igi yẹn lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, tó sì di ojú díẹ̀, yóò máa gbọ́ ohùn gbogbo wọn pọ̀ bí omi tó ń hó lọ́nà jíjìn, èéfín yóò sì máa gba àárín ohùn náà kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni Télọ̀ ṣe ń rántí rẹ̀ títí di òní. Nígbà mìíràn kì í mọ èyí tó jẹ́ àlá níbẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tójú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ti ọmọrí yìí, ojú rẹ̀ rí i.

Télọ̀ ni ìyàwó Wẹ́dà. Ogójì ọdún ó lé díẹ̀ ni ọkọ fi ń jó irin mọ́ irin níwájú ilé, tí ìyàwó ń rán aṣọ mọ́ aṣọ nínú yàrá ọwọ́ òsì. Ọkọ a máa ní iṣẹ́ kan náà làwọn ń ṣe, pé abẹ́rẹ́ tòun ló kàn gbóná jù. Nígbà tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, iná tó kù sí i lọ́wọ́ kò ju ti ọjọ́ Sátidé lọ, nígbà tó máa ń sun adìyẹ àti àgbàdo fún gbogbo ilé lórí ààrò èédú tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó látinú ìdajì dúrọ́ọ̀mù. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bá a dá sí i. Bí wọ́n bá ní kó jókòó díẹ̀, yóò ní ẹni tó jókòó ti iná ló ń sun ẹran di èédú.

Èéfín ló fa ọ̀rọ̀. Dókítà gbọ́ ikọ́ Télọ̀, ó ní èédú tó gẹ́ẹ́. Ọmọ wọn obìnrin, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Tíṣà nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, tó sì máa ń bá àwọn òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mú ṣọ́ọ̀kì dání, ní òun yóò ra ààrò gáàsì fún wọn. Kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ o. Èyí tó ń dúró níta ni, tí wọ́n fi ń sun ẹran, tó ní ọmọrí lókè àti sílíńdà nísàlẹ̀. Ó ní kí wọ́n múra, kí wọ́n wá yan èyí tó bá wù wọ́n.

Ohun tí Tíṣà kò mọ̀ ni pé ọwọ́ ọ̀tún bàbá rẹ̀ ti ń sùn.

Oṣù mẹ́ta ṣáájú, Wẹ́dà gbé ife tíì, ife já bọ́. Ó wo ọwọ́ náà bí ẹni ń wo ọmọ ọlọ́mọ. Láti ọjọ́ yẹn, ọwọ́ á jí díẹ̀ láàárọ̀, á tún padà sùn. Dókítà mọ̀, ó fún un lóògùn, ó sì pa ẹnu mọ́. Télọ̀ ló ṣa àfọ́kù ife. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ tó ń ṣà á ni Wẹ́dà ti fi ọwọ́ òsì dì í léjìká mú, ó ní, “Má sọ fún ọmọ yẹn.”

Ìdí rẹ̀ kò farasin. Tíṣà ti là á mọ́lẹ̀ tipẹ́ pé ọjọ́ tí nǹkan bá ti ṣe ọ̀kan nínú wọn, òun yóò kó àwọn méjèèjì lọ sílé òun, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ní àjà kẹta. Kò sí ẹ̀yìnkùlé níbẹ̀. Fèrèsé yàrá tí yóò fún wọn kọjú sí ògiri ẹlòmíràn. Iná Sátidé yóò kú pátápátá, Wẹ́dà yóò sì máa jókòó. Ìfẹ́ ni Tíṣà fi ń sọ ọ́, ẹ má ṣì í gbọ́. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ọmọ náà a máa ti ilẹ̀kùn mọ́ni.

Ni Télọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ọwọ́ ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń wọn ejìká oníbàárà, láìsí téèpù. Ó máa ń gbé nǹkan sí ibi tí ọkọ yóò ti bá a gbé e. Kẹ́tùlù olómi àbọ̀, ó gbé e. Ìkòkò kékeré, ó gbé e. Áyọ́ọ̀nù àtijọ́ tí Télọ̀ fi ń lọ aṣọ, ó gbé e dé ìdajì, ìka tú. Wẹ́dà ní áyọ́ọ̀nù yìí mà ti sanra. Télọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, pé òun fura pé ó ń yọ́ jẹun. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, ṣùgbọ́n Télọ̀ ti rí ààlà. Ohun tó bá ti wúwo tó áyọ́ọ̀nù òun, ọwọ́ yẹn kò ní gbé e.

Ṣọ́ọ̀bù náà dà bí ibi tí èèyàn máa ń bá ara rẹ̀ lójú oorun. Ó gbòòrò, ó tutù, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò ní òjìji. Àwọn ààrò tò sí ìlà, ọmọrí wọn dé, bí màlúù tó dọ̀bálẹ̀ tó ń jẹ àpọ̀jẹ. Télọ̀ rí ojú ara rẹ̀ nínú ọ̀kan, ó gùn bí ojú tó wà nínú ṣíbí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kí i.

Nígbà tí wọ́n yí gbogbo rẹ̀ ká tán, ó ku méjì. Èkínní nípọn, ó ní ojú iná mẹ́rin àti táyà lẹ́sẹ̀. Ọkùnrin tó ń tà á ní òjò ọdún mẹ́wàá kò lè mú un dógùn-ún, pé bó ṣe gbóná níhìn-ín ló gbóná lọ́hùn-ún. Èkejì kò tó ìdá mẹ́ta owó rẹ̀. Ojú iná méjì, ara fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n bí ti ọmọ màlúù. Ọkùnrin náà kò purọ́ fún wọn. Ó ní èyí, igun kan á máa jó, igun kan á máa tutù, òjò méjì sì ti tó láti pọ́n ọn lára.

Wẹ́dà fi oríkèé ọwọ́ òsì kan èyí tó nípọn. Ó dún gbọ̀ọ̀n, ohùn náà sì pẹ́ kó tó lọ. Ó kan èkejì, ó dún pẹ́ẹ́, bí agolo. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ibi tí wọ́n ti jó irin mọ́ irin lára èyí tó nípọn, ó ní ẹni tó jó o yìí, ìyá rẹ̀ bí i re. Ojú rẹ̀ ń dán. Bí ẹni ọdún márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n ló ṣe dúró níbẹ̀, bíi ti ìgbà tí Télọ̀ kọ́kọ́ rí i lẹ́yìn ẹ̀ta iná.

Tíṣà ní ó ti parí, ó ṣí báàgì. Ọkùnrin náà ní kí Bàbá ṣí i wò kí wọ́n tó sanwó. Wẹ́dà gbàgbé ara rẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kí wọ́n tó débẹ̀, nígbà tí wọ́n ń gbọ́ àlàyé, Télọ̀ ti gbẹ́yìn wọn kọjá, ó ti fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé ọmọrí méjèèjì wò. Tàkọ́kọ́ ju áyọ́ọ̀nù méjì lọ. Tèkejì kò tó ìdajì ọ̀kan. Bí ọkọ rẹ̀ ṣe na ọwọ́ yìí, ó sáré bọ́ sáàárín, ó gbé ọwọ́ lé ọmọrí tó nípọn náà.

“Mi ò fẹ́ eléyìí,” ó ní. “Owó gọbọi lórí adìyẹ? Kékeré yẹn ló wù mí.”

Tíṣà ní, “Màámi, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ sanwó ni?”

“Owó ọmọ mi, owó mi ni. Ó ń dùn mí.”

Tíṣà kọjú sí bàbá rẹ̀ pé kó bá òun dá sí i. Wẹ́dà kò wo Tíṣà. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó sì pẹ́ lẹ́nu wíwò náà. Ó wo ọwọ́ obìnrin náà lórí ọmọrí, ó wo ọwọ́ tirẹ̀ tó na sí afẹ́fẹ́, ó rọra fi í sápò. Ẹni tó fi ogójì ọdún bú irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wá ní ohun tí ìyàwó òun bá fẹ́ lòun fẹ́. Ọkùnrin tó ń tajà rẹ́rìn-ín, ó ní Bàbá ò lẹ́nu nílé. Wẹ́dà ní bí òun bá lẹ́nu nílé, ṣé òun á ti máa wọ ṣòkòtò tí ẹsẹ̀ kan gùn ju ìkejì láti ọjọ́ ìgbéyàwó?

Kí wọ́n tó délé, Tíṣà ti sọ ìyá rẹ̀ ní Màmá Ahun. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn bí eégbọn lára ajá. Àbúrò ọkọ rẹ̀ a máa béèrè bóyá ó ti ka hóró àgbàdo kó tó gbé e fún òun. Alágbàfọ̀ ní kó rọra tẹ ilẹ̀ kí ìkarahun má baà fọ́. Télọ̀ ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tó rán yunifọ́ọ̀mù fún ìdajì ọmọ àdúgbò láìgba kọ́bọ̀, orúkọ yẹn a máa ta á bí abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ sínú aṣọ. Wẹ́dà nìkan ni kò fi pè é rí. Bí wọ́n bá ti pè é báyìí, iná ni Wẹ́dà máa ń tẹjú mọ́.

Ààrò kékeré náà ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní yóò ṣe. Igun ọ̀tún ń jó, igun òsì ń tutù. Wẹ́dà fi àfọ́kù bíríkì tẹ́ ìdí rẹ̀ kí ooru lè rí ibi jókòó. Nígbà tó dógùn-ún, ó fi ọwọ́ òsì ha á, ó kun ún ní ọ̀dà. Ní gbogbo Sátidé, ọwọ́ ọ̀tún yẹn á jí, á gbé ọmọrí náà bí ẹni ṣí fìlà kí àgbà, èéfín funfun á sì gòkè lọ sáàárín ewé ọsàn. Bí àlá ni. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi lá a. Láàárín rẹ̀ ni alágbàfọ̀ lọ, ajá tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àbúrò Wẹ́dà, tòun tẹ̀rín ẹ̀.

Ó wá di Sátidé kan, oòrùn rọ̀ bí òróró. Tíṣà wá kí wọn, ó ń kó àwo bọ̀ láti ilé ìdáná. Wẹ́dà na ọwọ́ sí ọmọrí. Ọwọ́ dì í mú, ọmọrí kò mira. Ó tún un ṣe. Ọmọrí gbéra díẹ̀, ó padà balẹ̀, pẹ́ẹ́. Tíṣà dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo, ó rí i.

Télọ̀ dìde, ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Ó ní ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, bí ẹni tó ń sọ ọ́ fún adìyẹ. Àwọn méjèèjì ṣí i.

Wẹ́dà kò wẹ̀yìn. “Ọmọ mi,” ó ní, “ìyá rẹ kì í ṣe ahun. Ọwọ́ mi yìí ló yan ààrò yìí. Kò lè gbé ọmọrí tó nípọn yẹn, ìyá rẹ ló mọ̀. Orúkọ tí ẹ sọ ọ́, èmi ló ń bá jẹ́ ẹ.”

Tíṣà gbé àwo sílẹ̀. Télọ̀ ń retí ọ̀rọ̀ ilé òkè, ọ̀rọ̀ àjà kẹta. Kò gbọ́ ọ. Tíṣà wá dúró ti ìyá rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ kejì mú. Lẹ́yìn náà ló béèrè, ṣọ́ọ̀kì ti bọ́ nínú ohùn rẹ̀, “Bàámi, èwo ni kí n kọ́kọ́ yí?”

Kò sẹ́ni tó bi í ní irú ìbéèrè yẹn rí. Wẹ́dà fún un ní ẹ̀mú. Ó wọ́ àga, ó sì jókòó ti iná. Ó ní kó fi ti igun òsì sílẹ̀ díẹ̀ sí i, pé igun yẹn kì í kánjú. Ó di ojú, wọ́n rò pé ó ń fetí sí adìyẹ tó ń ta ni. Ìgbà tí àgbàdo igun òsì jinná, tí Télọ̀ gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ti bá ọwọ́ ọ̀tún yẹn sùn. Sátidé náà ni Wẹ́dà kú.