Ẹsẹ̀ Òsì Alága

Bíró Alága ti kan ìwé, ṣùgbọ́n kò kúrò lójú kan. Ó ti kọ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo oyè tó ń ṣáájú rẹ̀, débi pé ó kọjá ìlà. Ìbéèrè kẹta ló dá a dúró: *Báwo lẹ ṣe mọ ẹni yìí?*

Akọ̀wé tó ń ṣètò ìwé ìgbélùú wo aago. "Ẹ má bínú, sà. Aago méjì la ó ti fèrèsé. Bí Bàbá yìí ò bá ní onídùúró tó mọ̀ wọ́n láti ogún ọdún, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìjọba á dá wọn padà sílùú wọn."

"Ìlú wo?" ni arúgbó àlejò tó jókòó ti Alága bi í. "Ọmọ mi, àwọn tó mọ̀ mí níbẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀ tán."

Ó ti pé ọdún méjìlélógójì tó ti òkè òkun dé, tó ń gbẹ́ ẹsẹ̀ igi fún ẹnikẹ́ni tí ẹsẹ̀ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń pè é nígbà kan. Àwọn tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ti ń tán lọ. Àwọn ọmọ wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà.

Alága mọ̀ ọ́n. Ìyọnu ibẹ̀ nìyẹn. Ẹsẹ̀ òsì tó wà nínú bàtà dídán yẹn, ṣọ́ọ̀bù Bàbá ló ti jáde. Ṣùgbọ́n láti ọgbọ̀n ọdún ni Alága ti ń sọ fáráyé pé ẹṣin ló gbé òun ṣubú tí òun fi ń tiro, ẹṣin náà sì ń ga sí i lọ́dọọdún. Bí ẹsẹ̀ bá ń fẹ́ àtúnṣe, ẹ̀yìnkùlé ni Bàbá ń gbà wọlé, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ẹni mẹ́wàá ló ń dúró lẹ́yìn wọn. Méjì ti yọ fóònù láti ya Alága ní fọ́tò.

"Ẹ kọ ọ́ pé mo máa ń bá yín tún àga ṣe," ni Bàbá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Àga kì í jiyàn."

Alága kọ "àga." Òwe tó fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ní gbogbo ìpàdé wá sọ sí i lọ́kàn: ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ.

Ó fagi lé "àga" náà. Ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó fi bíró lu ojúgun rẹ̀: kọ́, kọ́.

"Bí mo ṣe mọ̀ wọ́n nìyí."



"Ẹṣin ńkọ́, sà?" ni ìyá kan bèèrè láti ẹ̀yìn.

"Kò sẹ́ṣin kankan, ìyá. Lọ́rì ló gun orí ẹsẹ̀ mi, níbi tí mo ti ń wo ara mi nínú dígí rẹ̀."

Ẹ̀rín bú jáde. Akọ̀wé fọwọ́ bo ẹnu, ó gbé òǹtẹ̀, ó lù ú mọ́ ìwé. "Ẹ kú oríire, Bàbá."

Bàbá ò gbọ́. Ó ti kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ó ń fi àtàǹpàkò yí nọ́ọ̀tì irin kan lọ́rùn ẹsẹ̀ náà. "Èyí ti tú. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó tó ti ń ni yín lára?"

"Mẹ́ta."

"Ẹ ò wá ránṣẹ́ pè mí?"

 Alága wo orí funfun tó tẹ̀ ba lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ìwé tí òǹtẹ̀ rẹ̀ kò tíì gbẹ, tí ẹni tó ni ín kò tíì fojú kàn.

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ló sọ, ó sì dún débi tí gbogbo yàrá fi gbọ́.

Kò fa ṣòkòtò wálẹ̀.